Ọ̀fun Kan, Orin Méjì

  

Ọ̀rọ̀ orin ni mo mú wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti dá ẹjọ́ bóyá orin tọ́ tàbí kò tọ́. Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ìyẹn láti ayé àtijọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ ìlànà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fọwọ́ sí àwọn ohun èlò orin. Ibn Hazm, ará Andalúsíà, ní tirẹ̀ sọ pé àwọn hádíìsì tí wọ́n fi ń kà á léèwọ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Imam Ghazali ya odidi abala kan sọ́tọ̀ nínú ìwé Ihya rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ gbígbọ́ orin, ohun tí ó sì tẹjú mọ́ jù níbẹ̀ ni ọkàn ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó jókòó ti ààfáà rẹ̀. Ojú ewé yìí kò tó láti parí ìjà àwọn àgbà.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni èyí: bí ọ̀fun kan náà bá kọrin fún ijó ní alẹ́ Sátidé, tí ó sì kọrin yin Ọlọ́hun ní ọjọ́ Jímọ̀, ǹjẹ́ ti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn mọ́? Bí wọ́n bá sì wá gbé kámẹ́rà síwájú ẹni náà, tí ìjọ́sìn rẹ̀ di sinimá tí ayé ń sanwó wò, ta ni ó ń jọ́sìn fún? Ìbéèrè yìí kan ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ń kọrin ní àsàlátù, níbi wòlímọ̀ àti níbi ìsọmọlórúkọ, ó sì kan èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, nítorí pé láti inú kéwú ni ohùn dídùn ti ń jáde.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ìbéèrè náà hàn kedere jù lójú mi kì í ṣe ará ilẹ̀ wa. Mùsùlùmí bí tiwa ni, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl. Youssou N'Dour ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1959 ní àdúgbò Medina ní Dakar. Bàbá rẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì, kò sì fẹ́ kí ọmọ òun máa kọrin. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wá láti ìdílé àwọn tí wọ́n ń pè ní gewel, àwọn tí iṣẹ́ wọn jọ ti onírárà àti ti ọmọ àyàn lọ́dọ̀ wa: àwọn ni wọ́n ń mọ ìtàn ìdílé, àwọn ni wọ́n ń kì ènìyàn, ẹnu wọn ni wọ́n sì ń jẹ. Láti ibi ayẹyẹ ìkọlà àwọn ọmọkùnrin ni Youssou ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ó fi wọ ẹgbẹ́ Star Band tí ó ń ṣeré ní ilé ijó kan ní Dakar. Lẹ́yìn náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Étoile de Dakar sílẹ̀, ó sì wá ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Super Étoile de Dakar. Mbalax ni wọ́n ń pe orin náà. Ìlù sabar wà níbẹ̀, tama náà wà níbẹ̀, ìlù kékeré abẹ́ apá tí ó ń sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí gángan wa ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n wá da gìtá àti fèrè pọ̀ mọ́ ọn bí àwọn ará Cuba ti ń ṣe.

Ayé mọ̀ ọ́n láti ọdún 1986, nígbà tí ó fi ohùn sí orin Peter Gabriel. Ní 1988 ó bá àwọn Bruce Springsteen àti Tracy Chapman rìn yí ayé ká fún ẹgbẹ́ Amnesty tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní 1994, orin tí òun àti Neneh Cherry jọ kọ, èyí tí wọ́n pè ní 7 Seconds, kò sí ilé rédíò tí kò lù ú. Ó kọ́ ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn orin sílẹ̀ ní Dakar. Ní 2003 ó dá ìwé ìròyìn L'Observateur sílẹ̀, ní 2008 ó dá Birima sílẹ̀ láti máa yá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kékeré lówó, ní 2010 ilé tẹlifísàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2012 ó ní òun fẹ́ du ipò Ààrẹ. Ilé ẹjọ́ tí ó ń bójú tó ìbò kò gbà á wọlé, wọ́n ní ìbuwọ́lù àwọn alátìlẹ́yìn tí ó kó wá kò pé. Ó lọ ti Macky Sall lẹ́yìn, Macky Sall wọlé, ó sì fi í ṣe mínísítà fún àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́, ó sì wà ní ipò mínísítà títí di 2013. Mo ka gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí à ń sọ ni. Òṣèlú rẹ̀ kò kàn wá níhìn-ín. Àwo orin kan ṣoṣo ni ó kàn wá.

Orúkọ àwo náà ni Egypt. Àwọn akọrin ará Íjíbítì tí Fathy Salama ń darí ni wọ́n bá a ta gòjé tí wọ́n sì fun fèrè sí i. Kò sí orin ìfẹ́ nínú rẹ̀, kò sí orin ijó. Orin ọpẹ́ sí Ọlọ́hun ni, àti orin ìyìn fún àwọn aṣíwájú ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Ó kọrin nípa Shaykh Amadou Bamba, ẹni tí àwọn Faransé lé lọ sí Gabon ní 1895 nítorí wọ́n ń bẹ̀rù ọ̀pọ̀ èrò tí ó ń tẹ̀lé e, tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń rọ́ lọ sí ìlú Touba lọ́dọọdún ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Safar láti rántí ìrìn-àjò náà. Ó kọrin nípa ọ̀nà Tijaniyya. Ó kọrin nípa Baay Niasse. Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ Tijaniyya ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin tàbí níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ ẹni tí mo ń wí: Shaykh Ibrahim Niasse ti Kaolack ni, tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ ọ̀pọ̀ ààfáà àgbà ní ilẹ̀ wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò fara mọ́ ọ̀nà àwọn súfí. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ ṣáà fi í sọ́kàn pé ohun tí ọkùnrin náà kà sí mímọ́ jù lọ ni ó kọ lórin.

Nísinsìnyí, ẹ kíyè sí ohun kan. Àwo yìí ti wà nílẹ̀ kí ó tó jáde. Nígbà tí àwọn kan kọlu Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, tí orúkọ Islam wá wà lẹ́nu gbogbo ayé fún ibi, Youssou kò gbé e jáde. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣòwò. Ọdún 2004 ni ó tó tẹ ayé lọ́wọ́. Èmi a máa padà sórí ìdúró yìí.

Nígbà tí ó jáde ní Sẹ̀nẹ̀gàl, àkókò ààwẹ̀ Rámàdáánì, àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Àwọn ilé rédíò àti tẹlifísàn kò fẹ́ gbé e. Àwọn tí ń ta kásẹ́ẹ̀tì dá a padà. Wọ́n ní kí ni olórin ilé ijó ń fi orúkọ àwọn ẹni Ọlọ́hun ṣe? Wọ́n ní ẹnu tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí ní òru kò yẹ kí ó máa pe orúkọ wọ̀nyẹn nínú oṣù ààwẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣe àlá, àwa Yorùbá ti rí i ní ojúkorojú. Kí ni a pe fújì? Àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni wọ́n ń fi orin jí ènìyàn jẹ sààrì. Ajíwéré ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti àdúgbò dé àdúgbò ni wọ́n ti ń kọ ọ́, wọ́n a máa bá ara wọn díje, ohùn wọn sì jẹ́ ohùn kéwú nítorí ilé-kéwú ni wọ́n ti wá. Sikiru Ayinde Barrister, tí ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2010, wà lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ sójà nígbà ogun abẹ́lé, ó padà sídìí orin, ó sì sọ orúkọ fújì di ńlá. Láti ìgbà náà, orin kúrò ní òru ààwẹ̀, ó bọ́ sí òde ìnáwó, láti òde ìnáwó ó wọ ilé ọtí, àwọn olórin fújì òde òní sì ti wọ inú fíìmù Yorùbá pẹ̀lú. Bí ẹ bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó ṣì gbọ́ bí wọ́n ti ń fa ohùn bí ẹni tí ń ka Kùránì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn a máa jẹ́ ti ọtí, ti obìnrin àti ti ìjà ta ni ọ̀gá.

Wákà náà bẹ́ẹ̀. Orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni, wọ́n fi ń pàdé àwọn tí ń ti Mẹ́kà bọ̀, wọ́n fi ń ṣe àjọyọ̀ ẹ̀sìn. Batile Alake, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó níbí ní ìpínlẹ̀ wa, ni ó gbé e dé orí rẹ́kọ́ọ̀dù, Salawa Abeni sì gbé e jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀ nítorí ẹ̀yin arábìnrin. Mo ti rí bàbá tí ó ń ná owó fún olórin wákà níbi ìnáwó, tí ó délé tí ó ní kí ọmọbìnrin òun má ṣe gbé ohùn sókè ní àsàlátù nítorí ohùn obìnrin kò yẹ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ ohùn obìnrin wà nínú ìwé lóòótọ́, àwọn onímọ̀ sì yàtọ̀ síra wọn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú òfin tí ó bá jẹ́ pé ọmọ ẹni nìkan ni ó ń mú, tí kì í mú ọmọ ọlọ́mọ tí à ń ná owó fún, ẹ jẹ́ kí bàbá náà wá ìwé tí ó ti rí i.

Ó dára. Ìbẹ̀rù àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl ní ìdí. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ kọjú sí. Lọ́dọ̀ wa, orin ni ó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí tí ó lọ sí òde ijó. Lọ́dọ̀ wọn, olórin ni ó ń ti òde ijó bọ̀, tí ó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Ìrìn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ń lọ, a lè wí pé a fẹ́ dá a dúró. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ń bọ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbà ayé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Hassan ibn Thabit jẹ́ akéwì kí Islam tó dé Mẹ̀dínà. Àwọn ọba Ghassan ni ó máa ń lọ kì, wọ́n a sì fún un lẹ́bùn. Ẹ pè é ní onírárà ààfin, ẹ kò purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ó gba Islam, Ànábì kò ní kí ó lọ gé ahọ́n náà sọnù. Wọ́n gbé mínbárì kalẹ̀ fún un nínú mọ́ṣáláṣí, ó dúró lórí rẹ̀, ó sì ń fi ewì gbèjà Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ka'b ibn Zuhayr burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Ànábì gan-an ni ó ti fi ewì bú. Àwọn tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ànábì sọ pé ó wá tọrọ àforíjì, ó ké ewì ìyìn, Ànábì sì bọ́ aṣọ ara rẹ̀ fún un. Ahọ́n tí ó búni ni ahọ́n tí ó yinni. Kò sẹ́ni tí ó ní kí ó lọ wá ahọ́n mìíràn wá.

Mo gbọ́ ẹni tí yóò dá mi lóhùn. Yóò ní: Hassan kò padà sí ààfin Ghassan lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n Youssou N'Dour padà sí Super Étoile, ó ṣì ń kọrin ijó títí di òní. Òótọ́ ni, níbí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti le. Kò ronúpìwàdà kúrò nínú orin ijó, nítorí kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ ìdílé ìyá rẹ̀ ni. Ìdáhùn tèmi ni pé bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má yin Ọlọ́hun àfi ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yòókù mọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí wa ní Ìbafo yìí. Awakọ̀ tí ó ń fi owó ẹ̀yìn fún agbófinró lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń kírun pẹ̀lú wa. Oníṣòwò tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò pé wà ní sáàfù kìíní. Súúrà Taobah mẹ́nu ba àwọn tí iṣẹ́ rere wọn àti èyí tí kò dára lú mọ́ra, kò sì lé wọn dànù. Ó fi ìrètí àánú Ọlọ́hun sílẹ̀ fún wọn. Orin ìyìn kì í sọ orin ijó di mímọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀rí tí ó fi hàn pé orin ijó sọ orin ìyìn di ẹlẹ́gbin.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó tijú jù nínú ìtàn náà, àwa Mùsùlùmí ni ìtìjú ọ̀hún sì kàn. Ní oṣù kejì ọdún 2005, wọ́n fún àwo Egypt ní ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà. Wéré, ojú ọjọ́ yí padà ní Dakar. Orin tí wọ́n dá padà di orin tí wọ́n ń wá. Ẹni tí wọ́n ní ó ba orúkọ àwọn ẹni Ọlọ́hun jẹ́ di ẹni tí ó gbé orúkọ wọn ga láàárín ayé. Kí ni ó yí padà nínú orin náà? Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi kún un, kò sí ìlù kan tí wọ́n yọ kúrò. Èdè Wolof ni ó fi kọ ọ́. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n dìbò fún un ní Amẹ́ríkà ni ó gbọ́ ohun tí ó ń sọ? Bí àwo náà bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ààwẹ̀, ẹ̀bùn Amẹ́ríkà kò lè sọ ọ́ di làádá. Bí ó bá sì jẹ́ ìyìn Ọlọ́hun, ó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ó kọ ọ́ ni wọ́n wò. Ìgbà kejì, ẹni tí ó yìn ín ni wọ́n wò. Nínú ìdájọ́ méjèèjì, ta ni ó jókòó gbọ́ orin náà?

A ń ṣe irú rẹ̀ níbí. Ọmọ kan lè ka Kùránì ní ilé-kéwú wa fún ọdún méje kí ará àdúgbò má bi í ní orúkọ. Jẹ́ kí ó gba ipò kìíní ní ìdíje, kí wọ́n ya fọ́tò òun àti aláṣẹ kan, odidi òpópónà á máa pè é ní ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ sinimá. Ní 2006, Youssou N'Dour kó ipa nínú fíìmù Amazing Grace. Ó ṣe Olaudah Equiano, ẹrú tí ó ra ara rẹ̀ padà, tí ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 1789. Níbẹ̀, ojú rẹ̀ ni ó yá ẹlòmíràn. Ní 2007, fíìmù olórin kan jáde tí wọ́n pè ní Retour à Gorée: láti erékùṣù Gorée ní ẹ̀gbẹ́ Dakar, níbi tí wọ́n ti kó ẹrú kọjá, ó bá àwọn olórin jáàsì rìn lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì kó wọn padà wá sí erékùṣù náà. Níbẹ̀, ìtàn gbogbo ènìyàn dúdú ni ó gbé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jáde ní 2008, I Bring What I Love, tí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elizabeth Chai Vasarhelyi, darí, òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òun àti àwo Egypt yẹn. Kámẹ́rà tẹ̀lé e lọ sí ilé, ó tẹ̀lé e lọ sí òde orin, ó tẹ̀lé e dé Touba láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò tí wọ́n wá fún ẹ̀sìn. Orin rẹ̀ kún inú fíìmù náà, nítorí náà ẹni tí ó wò ó gbọ́ orin ìyìn, ó sì tún rí ẹni tí ń yìn.

Ìyàtọ̀ wà nínú gbígbọ́ àti rírí. Ẹni tí ó gbọ́ orin lórí kásẹ́ẹ̀tì lè gbàgbé olórin, kí ọkàn rẹ̀ lọ bá Ẹni tí wọ́n ń yìn. Sinimá kì í jẹ́ kí a gbàgbé. Iṣẹ́ sinimá ni láti fi ojú hàn, ojú tí ó tóbi ju ojú ènìyàn lọ lára ògiri. Ẹ mọ ohun tí àwọn ààfáà wa ń pè ní ṣekárími. Hádíìsì àwọn mẹ́ta tí wọn yóò kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́ wà nínú ìwé Imam Muslim: ẹni tí ó jà títí ó fi kú, ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ tí ó sì ka Kùránì, àti ẹni tí ó ná owó rẹ̀. Kò sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí kí ayé lè pè wọ́n ní akọni, onímọ̀ àti ọlọ́wọ́ títú ni wọ́n fi ṣe é, ayé sì ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gba owó iṣẹ́ wọn tán. Ẹ̀yin tí ẹ ní ohùn, ẹnì kejì nínú wọn ni kí ẹ tún wò dáadáa, nítorí Kùránì ni ó ń kà.

Ẹlòmíràn yóò ní, ó ti parí nìyẹn, kí a pa kámẹ́rà tì. Rárá, kò tíì parí. Súúrà Baqarah gba sàráà gbangba láyè, ó sì ní ti ìkọ̀kọ̀ sàn jù. Èyí fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn rí ni ó di ṣekárími. Fudayl ibn Iyad, ọ̀kan nínú àwọn olùfọkànsìn ìgbà àtijọ́, tilẹ̀ ka fífi iṣẹ́ rere sílẹ̀ nítorí ojú ènìyàn mọ́ ṣekárími. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó kọ̀ láti kọrin kí ayé má bàa bú u, àti ẹni tí ó kọrin kí ayé lè yìn ín, ayé náà ni àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù. Bí Youssou N'Dour bá ti gbọ́ ti àwọn tí wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì padà, tí ó sọ àwo náà sínú kànga, ǹjẹ́ Ọlọ́hun ni ì bá fi ṣe é fún?

Kámẹ́rà kò lè ya fọ́tò àníyàn. Èmi náà kò rí inú ọkùnrin náà, n kò sì ní jókòó ní Ìbafo kí n máa dá ẹjọ́ ọkàn ẹni tí ó wà ní Dakar. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó fi mọ̀ díẹ̀ nínú àníyàn ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ rántí ìdúró ọdún 2001 sí 2004 yẹn. Olórin tí gbogbo ayé mọ̀ ní iṣẹ́ tí ó parí lọ́wọ́, ó sì lè fi í sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n gbà á sódì. Ẹni tí ìyìn ayé ń pa bí òùngbẹ kì í lè dúró bẹ́ẹ̀. Ní ti fíìmù, n kò lè sọ ohun kan náà, nítorí fíìmù nípa ara ẹni kò ní ibi tí ènìyàn lè fi ara rẹ̀ pamọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n wá bá, mo rò pé n ó jẹ́ kí wọ́n gbé orin, n ó sì ní kí wọ́n má gbé mi níbi tí mo bá ti ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó wá bá mi, ọ̀rọ̀ sì rọrùn lẹ́nu ẹni tí wọn kò tíì gbé kámẹ́rà wá bá.

Ẹni tí wọ́n wá bá ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-kéwú wa. Ohùn rẹ̀ dára lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ó bá ka Súúrà Rahman níbi wòlímọ̀, àwọn ìyá a máa sunkún. Orin ẹ̀sìn ni ó ń kọ, ó sì ń fi ọ̀sán ran bíríkìlà lọ́wọ́ níbi ilé tí wọ́n ń kọ́ ní ọ̀nà Mowe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní kámẹ́rà ní kí ó wá kí àwọn ṣe fídíò orin rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn máa wò ó lórí fóònù wọn. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ṣe é?"

Mo bi í pé kí ni wọn yóò máa rí nínú fídíò náà nígbà tí ó bá ń kọrin. Ó ní òun yóò wọ jálàbíà funfun, òun yóò gbé tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, òun yóò sì máa wo òkè. Mo bi í bóyá ó máa ń gbé tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ bí ó bá ń kọrin níbi iṣẹ́ bíríkìlà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní níbẹ̀ ṣọ́bìrì ni ó wà lọ́wọ́ òun.

Mo ní kí ó lọ gba orin náà sílẹ̀, ohùn nìkan, kí ó sì fi í pamọ́ fún ọdún kan. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, àní ìyá rẹ̀ pàápàá. Bí ọdún bá yí po tí orin náà bá ṣì wù ú láti kọ, kí ó padà wá, kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ fídíò. Ó dojú bolẹ̀. Ó ní, "Ààfáà, ọdún kan ti pọ̀ jù, ẹ bá mi dín in kù." A bá ara wa nájà díẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni a fẹnu kò sí.